Ẹ má ra díkíṣọ́nárì: gẹ̀ẹ́sì báǹkì fún ìyá oníìrẹsì

Ìbéèrè tó wá sọ́dọ̀ mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ìrẹsì Ìgbẹmọ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, níbí l’Ádó-Èkìtì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo mọ Yorùbá kà dáadáa, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì owó yìí ń dà mí láàmú. Bí alert bá wọlé, ọmọkùnrin tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń bá mi kà á. Bí mo bá dé báǹkì, àfi kí n máa wá ẹni tí yóò bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Ní báyìí, ẹgbẹ́ wa fẹ́ yá owó ní báǹkì kékeré kan, wọ́n ní kí gbogbo wa wá fọwọ́ síwèé lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n ra díkíṣọ́nárì ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Àbí ó ti pẹ́ jù?”

Ẹ kú ọjà, ìyá. Ajé á wọ igbá o.

Kò pẹ́ jù, ẹ má sì ra díkíṣọ́nárì. Ẹ fowó yẹn ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan àti bírò. Tí ẹ bá wá “charge” nínú díkíṣọ́nárì, yóò to ìtumọ̀ jọ fún yín rẹpẹtẹ, títí dé orí ẹni tí ọlọ́pàá gbé lọ sí kóòtù. Ẹyọ kan péré nínú wọn ló sì ń yọ owó lákáǹtì yín. Mo ti jókòó sẹ́yìn káńtà báǹkì rí kí n tó máa kọ́ àwọn àgbà níwèé nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tí báǹkì ń bá oníbàárà sọ kò pọ̀, àwọn kan náà ni a ń yí ká láti àárọ̀ títí a ó fi tìlẹ̀kùn. Olúkúlùkù wọn ló ní ibi tó máa ń jókòó sí, lórí alert, lórí fọ́ọ̀mù, tàbí nínú ìwé owó yíyá. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti jókòó ni kí ẹ ti kọ́ ọ.

Àwọn ìyá àtijọ́ náà ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Tọ́rọ́, sísì, ṣílè, pọ́n-ùn, kọ́bọ̀: ẹnu òyìnbó ni gbogbo wọn ti wá, kò sì sẹ́ni tó kó àwọn ìyá yẹn jókòó sí kíláàsì. Owó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi í ra iyọ̀, orúkọ rẹ̀ sì mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì tí ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ọjà ò torí ẹ̀ tú. Ohun tó yí padà lásìkò tiyín ni pé owó ti kúrò lápò, ó ti kó sínú fóònù. Inú fóònù náà la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣí alert kan. Yóò jọ báyìí:

Debit
Acct: 30xxxxxx15
Amt: NGN15,000.00
Desc: TRF
Avail Bal: NGN62,340.50

Gbogbo èèyàn ló máa ń sáré wo iye owó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. “Debit”, tí àwọn báǹkì kan ń gé kúrú sí “DR”, túmọ̀ sí pé owó ti jáde lákáǹtì yín. “Credit”, tàbí “CR”, túmọ̀ sí pé owó wọlé. Tí ẹ bá mọ méjèèjì yìí yà, ẹ ti mọ ìdajì alert.

Mo mọ ibi tí yóò ti dà yín rú, torí pé ibẹ̀ ló ń dá gbogbo kíláàsì mi dúró. “Credit” lẹ tún ń pe owó ìpè tí ẹ ń rà sórí fóònù. Oníbàárà á sì tún dé ọ̀dọ̀ yín, á ní kí ẹ ta kóńgò ìrẹsì méjì fún òun “on credit”, ìyẹn ni àwìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe owó tó ti wọlé àti owó tí ẹ ṣì ń retí! Àwọn tó ni èdè ni kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fún tiyín, ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà ni kí ẹ máa wò: lórí alert báǹkì, owó ti wọlé, lẹ́nu oníbàárà, ẹ fojú sọ́nà.

“Acct” ni nọ́ńbà akáǹtì yín, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bo àárín rẹ̀ ni. “Amt” ni iye owó. “NGN” ni náírà.

Ẹ wá dúró díẹ̀ lórí 15,000.00 yẹn. Àmì kóńmà (,) àti àmì tó-ò-tó (.) inú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ohunkóhun tó bá tẹ̀lé tó-ò-tó, kọ́bọ̀ ni. Ẹ fi àtàǹpàkò bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ka èyí tó kù. Bí kóńmà bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹgbẹ̀rún lẹ wà. Bó bá di méjì, ẹ ti wọ mílíọ̀nù. Ẹni tí kò bá fi àtàǹpàkò bo kọ́bọ̀ lè rí 1,500.00 kó kà á sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ, kó sì gbé odidi àpò ìrẹsì fún ẹni tó san owó kóńgò.

“Desc”, tí àwọn mìíràn ń kọ ní “Narration”, ni ìdí tí owó fi rìn. “TRF” inú rẹ̀ ni “transfer”: wọ́n fi owó ránṣẹ́. Abẹ́ “Desc” yìí náà lẹ ó ti máa bá “charge”, “fee”, “levy” àti “VAT” pàdé. Alájọ yín máa ń mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù fún wàhálà rẹ̀, àbí? Ohun tí báǹkì ń pè ní “charge” tàbí “fee” nìyẹn, owó iṣẹ́ ni. “Levy” àti “VAT” jẹ́ ti ìjọba, báǹkì kàn ń gbà á fún wọn ni. CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀, ló ń gbé ìwé jáde tó sọ iye tí báǹkì lè gbà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Gbólóhùn náà kò gùn: “What is this charge for?” Ẹ fi Yorùbá béèrè tó bá ti ẹnu yín wá, l’Ádó la wà. Àmọ́ ẹ nàka sí ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, kí ẹni tó wà ní káńtà mọ̀ pé ẹ rí i.

“Avail Bal” ló gbẹ̀yìn: “available balance”, owó tó wà nílẹ̀ tí ẹ lè gbà nísìnsinyìí. Ẹ lè bá “ledger balance” tàbí “book balance” pàdé níbòmíì. Ìyẹn ni owó tí ìwé báǹkì sọ pé ẹ ní, ṣùgbọ́n apá kan lè máà tíì ṣeé fọwọ́ kàn, bóyá torí pé sọ̀wédowó kan kò tíì parí ìrìn rẹ̀, tàbí pé báǹkì ti fi “lien” dá iye kan dúró síbẹ̀. Wọ́n ń pè é bíi “líìn”. Bí méjèèjì bá yàtọ̀ síra, “available” ni kí ẹ gbà gbọ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọmọ POS yẹn. Ó lè jẹ́ ọmọ dáadáa, kí ẹ máa dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n kò ní wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí kò bá sí ni oníbàárà tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò na fóònù tirẹ̀ sí yín pé òun ti san. “Successful” ni yóò fi hàn yín: ó yọrí. Fóònù tirẹ̀ ló ti yọrí o. Ẹ wo tiyín. Bí fóònù rẹ̀ bá sọ pé “Pending”, owó ṣì wà lọ́nà. “Failed”, kò lọ rárá. “Reversed”, ó ti padà sákáǹtì ẹni tó fi í ránṣẹ́. “Declined”, báǹkì kọ̀ ọ́. “Insufficient funds”, owó rẹ̀ kò tó, kó wábi gbà.

Bí alert bá tiẹ̀ wọ fóònù tiyín, ọ̀rọ̀ lásán ṣì ni, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. “Fake alert” kì í ṣe àlọ́. Ẹ mọ iye tó wà lákáǹtì yín kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tẹ nọ́ńbà báǹkì yín láti wo “balance” kí ìrẹsì tó kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ “balance” yìí kì í ṣe ti ṣéńjì tí àwọn oníbàárà máa ń ní kí ẹ fún àwọn. Ti báǹkì ni, owó tó kù.

Ìpínlẹ̀ wa yìí ni wọ́n ń ròyìn pé ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ sí jù, síbẹ̀ ẹ wo iye ìyá tó ń na fóònù sí ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́. Inú mi ò dùn sí i.

Etí náà gbọ́dọ̀ kọ́ díẹ̀. “Fifteen” ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, “fifty” ni àádọ́ta, ariwo ọjà sì lè sọ wọ́n di ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni “thirteen” àti “thirty”, “sixteen” àti “sixty”. Lẹ́nu àwọn ọmọ ìsinsìnyí, “5K” ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún, “two-five” sì ni ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀. Ẹ má fi ìtìjú gbà bẹ́ẹ̀ ni fún iye tí kò dá yín lójú. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ sójú fóònù kí ẹ rí i.

Ní ti báǹkì, ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ló ń gbé yín dé káńtà. Ẹ fẹ́ gbowó: “I want to withdraw.” Ẹ fẹ́ san owó sí akáǹtì: “I want to deposit.” Ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn: “I want to transfer.” Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé “I want to remove money”, torí pé yíyọ là ń yọ owó ní Yorùbá. Wọ́n á gbọ́ yín, àmọ́ “withdraw” ni yóò wà lórí fọ́ọ̀mù, òun ni kí ojú yín mọ̀.

Lórí fọ́ọ̀mù náà, ìlà tó ń lé àwọn èèyàn sá ni “Amount in words”, iye owó ní ọ̀rọ̀. “Amount in figures” rọrùn, nọ́ńbà ni. Ti ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Fifteen thousand naira only.” “Only” ìparí yẹn ń tilẹ̀kùn ni, kí ẹlòmíràn má baà rí àyè fi nǹkan kún un. Ẹ kọ oríṣi iye tí ẹ máa ń gbà sẹ́yìn ìwé yín, bóyá mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ máa wò ó kọ. Ẹ ṣọ́ “forty”: “u” wà nínú “four”, kò sí nínú “forty”. Kódà àwọn tó lọ yunifásítì ń gbé “u” yẹn síbẹ̀.

Ẹ lè fi iye nọ́ńbà mọ ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè. Nọ́ńbà akáǹtì jẹ́ mẹ́wàá ní gbogbo báǹkì Nàìjíríà. BVN, nọ́ńbà tí báǹkì fi ń dá oníbàárà mọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, jẹ́ mọ́kànlá. PIN, nọ́ńbà àṣírí káàdì yín, jẹ́ mẹ́rin, kò sì sí fọ́ọ̀mù tó yẹ kó béèrè rẹ̀ láé. OTP ni nọ́ńbà tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sí fóònù yín lẹ́ẹ̀kan fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. PIN àti OTP, ẹ kọ́ wọn kí ẹ lè mọ ìgbà tí ẹ ó pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá pè yín pé báǹkì ni òun, tó sì ní kí ẹ ka OTP fóun, ẹ pa fóònù. Ọmọ POS náà kò gbọ́dọ̀ mọ PIN yín. Ẹ gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.

Ní báyìí, ìwé tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí. Ibí yìí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí, torí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ti lè jẹ èrè ìrẹsì oṣù kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe. Yorùbá ní “yá” kan ṣoṣo: ẹ yá mi lówó, mo yá owó lọ́wọ́ yín. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì. Ẹni tó gba owó ni “borrower”, ẹni tó fi í sílẹ̀ ni “lender”. Nínú ìwé yẹn, gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí “borrower”, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí.

“Principal” ni ojú owó. “Interest” ni èlé. “Tenor” ni iye oṣù tí ẹ ó fi san án. “Approved” ni iye tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn yóò fún yín. “Disbursed” ni iye tó bọ́ sákáǹtì yín gan-an. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa yọ “processing fee” kí owó tó jáde, nítorí èlé lè máa ka lórí iye tó wà nínú ìwé, bí ohun tó dé ọwọ́ yín tiẹ̀ kéré sí i.

Ẹ wá wo èlé náà dáadáa. Ká ní ẹ yá 120,000 náírà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì kọ “5% per month”. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ “flat”, lórí 120,000 yẹn ni wọn yóò máa ka èlé títí ẹ ó fi parí, bí ẹ tilẹ̀ ti san ìdajì. Èlé 6,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà jẹ́ 36,000. Bó bá jẹ́ “reducing balance”, lórí ohun tó kù nìkan ni èlé ń ka. Ojú owó ń dín ní 20,000 lóṣù, nítorí náà èlé á bẹ̀rẹ̀ láti 6,000, á di 5,000, á di 4,000, títí yóò fi ku 1,000 lóṣù kẹfà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21,000. Owó kan náà, oṣù kan náà, “5%” kan náà, ìyàtọ̀ jẹ́ 15,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó wá sípàdé ẹgbẹ́ yín á pariwo 5% yẹn dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó má dárúkọ “flat” àyàfi tí ẹ bá béèrè.

“Per month” ni lóṣooṣù. “Per annum” ni lọ́dún. 5% lóṣù jẹ́ 60% lọ́dún, torí náà ẹ má fi báǹkì tó kọ “per annum” wé èyí tó kọ “per month” láìjẹ́ pé ẹ ṣírò.

Àwọn ọ̀rọ̀ ẹrù wíwúwo kù. “Collateral” ni ohun tí ẹ fi dógò. “Guarantor” ni onídùúró. “Default” ni kí ọjọ́ sísan kọjá láìsan, “penalty” sì ni owó ìtanràn tó ń tẹ̀lé e. Nítorí pé ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ fi yá a, ẹ wá gbólóhùn yìí nínú ìwé náà, kí ẹ fi ìka tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan: “jointly and severally liable”. Ohun tó ń sọ ni pé gbogbo yín lẹ jẹ gbèsè náà pọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sì tún jẹ gbogbo rẹ̀ lódindi. Bí ẹni méjì bá sá lọ nínú ẹgbẹ́, báǹkì lè wá gba ti àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ẹ̀yin tó wà nítòsí, tí gbogbo ayé mọ ìsọ̀ yín. Bóyá ẹ ṣì máa fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fọwọ́ sí i tí wọ́n sì ń san án láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ àwọn tí ẹ jọ fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá rí “Insured by NDIC” lẹ́nu ọ̀nà báǹkì kékeré yẹn, ti owó tí ẹ bá fi pamọ́ síbẹ̀ nìyẹn: NDIC ni àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báǹkì. Bí ó bá kógbá sílé, NDIC yóò san padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan dé mílíọ̀nù méjì náírà. Ti báǹkì ńlá jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti gbé e dé ibẹ̀. Ìdáàbòbò yẹn kò kan owó tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín fúnra rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe máa kọ́ ọ kò le. Ní alaalẹ́, tí ẹ bá ti kó ọjà tán, ẹ da alert kan kọ sínú ìwé kékeré yẹn bó ṣe rí gan-an, kí ẹ kọ Yorùbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ bo Yorùbá mọ́lẹ̀. Bí ọmọ-ọmọ bá wà nílé, ẹ ní kó jókòó bí akọ̀wé báǹkì, kí ẹ wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa bi yín léèrè. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn eré yìí, wọ́n sì máa ń le ju òṣìṣẹ́ báǹkì gidi lọ.

Ti ìwé owó yíyá kò ní dúró de ìyẹn. Ẹ sọ fún alága ẹgbẹ́ pé kí báǹkì fún yín ní ẹ̀dà ìwé náà ṣáájú ọjọ́ ìfọwọ́sí, kì í ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tó bá dé, ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ “flat”, “per month”, “processing fee” àti “jointly and severally”, níbikíbi tí ẹ bá ti rí wọn. Kí ẹ ya fọ́tò ojú ewé tí èlé wà, kí ẹ fọwọ́ bo orúkọ àti nọ́ńbà akáǹtì yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá bá yín ṣírò rẹ̀ kí oṣù tó yí.